Kí Ẹnikẹ́ni Tó Gun Àkàbà: Ẹ̀kọ́ Láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Atọ́kọ̀ Ojú Òkun

  Ọ̀rọ̀ ìlera tá a mú wá lónìí lè ya yín lẹ́nu díẹ̀, torí ojú òkun ló ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwa ò sì sún mọ́ òkun. Láti Kambolé dé Tchamba, láti Tchamba dé Sokodé, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ariwo ìgbì. Láti Sokodé sí Lomé nìkan, ó ju kìlómítà 300 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí àtẹ yín. Ìrẹsì inú àpò, ṣúgà, tòmátì inú agolo, àńkárá tẹ́ ẹ ká jọ sórí pákó, ọkọ̀ ojú omi ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn dé èbúté Lomé. Kí ọkọ̀ náà tó wọlé, ẹnì kan ti kọ́kọ́ gun àkàbà okùn lójú agbami, nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, tí omi ń ru sókè tó ń lọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn la fẹ́ sọ. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ kó má baà já bọ́, ohun náà gan-an ló yẹ kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gun igi irúgbá mọ̀, àti obìnrin tó ń gun ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ wo ẹrù rẹ̀ lórí òrùlé.

Atọ́kọ̀ là ń pè é. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní pilote, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọkọ̀ òfuurufú o. Ọ̀gá ọkọ̀ tó ti Ṣáínà tàbí Yúróòpù bọ̀ mọ ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa, àmọ́ kò mọ ẹnu ọ̀nà Lomé bí ẹni tó ń gbébẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Kò mọ ibi tí iyanrìn ti ga lábẹ́ omi, kò mọ bí omi ṣe ń ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dà bí àlejò tó fẹ́ wa ọkọ̀ ńlá wọ àárín ọjà Sokodé lọ́jọ́ ọjà: ó mọ ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí kòtò wà, kò mọ ibi tí ìyá arúgbó tẹ́ ata sí. Atọ́kọ̀ ló máa wá dúró tì í, táá máa sọ fún un pé yà sọ́tùn-ún, rọra, dúró. Bó ṣe rí ní Lomé ló rí ní Kútọnu àti Èkó, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní gbogbo èbúté ńlá láyé. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí, àmọ́ àwọn obìnrin náà ti wọ̀ ọ́. Ní Kenya, Elizabeth Marami ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di atọ́kọ̀ nílẹ̀ náà.

Kó tó di pé wọ́n ṣí èbúté ńlá ti Lomé ní 1968, ọkọ̀ ńlá kì í lè sún mọ́ etí òkun níbẹ̀ rárá. Àwọn Jámánì kọ́ afárá irin gígùn kan wọ inú omi ní 1904, ìgbì ńlá sì bà á jẹ́ ní 1911. Láyé ìgbà náà, ọkọ̀ kékeré ló ń lọ kó èrò nínú ọkọ̀ ńlá, inú agbọ̀n ni wọ́n sì ń kó wọn sí kí ẹ̀rọ tó fà wọ́n sókè sórí afárá, bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe máa ti orí omi dé ibi gíga láì já bọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná.

Báwo wá ni atọ́kọ̀ ṣe ń wọ ọkọ̀? Ọkọ̀ kékeré kan ló máa gbé e lọ. Ọkọ̀ ńlá kì í sábà dúró pátápátá dè é. Á kàn máa rọra lọ ni, á sì yí ara rẹ̀ díẹ̀ kó lè fi ara dí afẹ́fẹ́ àti ìgbì, kí omi ẹ̀gbẹ́ kejì lè rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó rọ̀ yẹn ni wọ́n ń sọ àkàbà sí. Okùn ni apá rẹ̀ méjèèjì, igi pẹlẹbẹ sì ni ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Bí láti ojú omi dé ẹnu ọkọ̀ bá ga ju mítà 9 lọ, òfin àgbáyé ò gbà kí atọ́kọ̀ fi àkàbà okùn nìkan gùn ún. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ àtẹ̀gùn mìíràn tó dagun kalẹ̀ láti òkè, kó lè kúrò lórí okùn bọ́ sórí ìyẹn. Mítà 9, ẹ fojú inú wò ó: ó tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì.

Ẹ lè rò pé òkè ló léwu jù. Rárá o. Ibi tó léwu jù ni ìgbà tí ẹsẹ̀ kan wà lórí ọkọ̀ kékeré, tí èkejì wà lórí àkàbà. Ọkọ̀ kékeré yẹn ń gòkè ó ń sọ̀ pẹ̀lú ìgbì. Bí atọ́kọ̀ bá bọ́ sórí àkàbà nígbà tí ọkọ̀ wà nísàlẹ̀, ìgbì tó ń bọ̀ á gbé ọkọ̀ náà sókè padà, á sì fún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ara irin. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé sùúrù ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ atọ́kọ̀ tuntun. Á dúró, á máa wo ìgbì. Nígbà tí ọkọ̀ kékeré bá dé téńté òkè, ìgbà yẹn láá gbé ẹsẹ̀, táá sì gòkè kíá ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kékeré á wá yà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ ìdí? Bó bá já bọ́, kó kúkú bọ́ sómi. Omi sàn ju irin lọ.

Atọ́kọ̀ kì í ṣe ọmọdé. Ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí òkun ni. Síbẹ̀, wọ́n á mú un padà sí ìdí àkàbà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, á máa tẹ̀ lé àgbà iṣẹ́, á máa wò ó, á sì máa gùn lójú rẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Ní ọ̀pọ̀ èbúté, wọ́n á jẹ́ kó bọ́ sínú omi pẹ̀lú ẹ̀wù tó ń wú fúnra rẹ̀ tí omi bá kàn án, kó lè mọ bó ṣe ń rí kó tó di ọjọ́ tí nǹkan ṣe. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré náà ní ìdánrawò tiwọn. Wọ́n á ju ère tó tóbi tó sì wúwo bí èèyàn sómi, wọ́n á wá fà á jáde, wọ́n á tún jù ú sínú omi, wọ́n á tún fà á. Dókítà á sì máa yẹ atọ́kọ̀ wò látìgbàdégbà, torí ẹni tí òòyì ń kọ́ tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń dùn ún kò gbọ́dọ̀ gun àkàbà lọ́jọ́ náà, ì báà mọ̀ ọ́n gùn bí ọ̀bọ.

Kó tó gbé ẹsẹ̀, á wo àkàbà látòkè délẹ̀. Ṣé okùn ò ti fẹ́ já? Ṣé igi ìtẹ̀sẹ̀ kankan ò yẹ̀? Ṣé ó fara ti ara ọkọ̀ dáadáa, àbí ó ń fì? Òfin sọ pé àlàfo tó wà láàárín igi kan sí èkejì gbọ́dọ̀ dọ́gba, láti sẹ̀ǹtímítà 31 sí 35. Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ o. Ẹsẹ̀ èèyàn a máa ka nǹkan fúnra rẹ̀. Bó bá ti tẹ igi mẹ́ta, ó ti mọ ibi tí ìkẹrin máa wà, kò ní wolẹ̀ mọ́. Bí ìkẹrin ò bá wá sí níbi tó rò, ó bọ́ nìyẹn. Ẹni tó ti ń lọ nínú òkùnkùn tó sì rò pé àtẹ̀gùn ilé ṣì ku ẹyọ kan mọ ohun tá à ń wí.

Wọ́n tún kọ́ wọn pé igi ìtẹ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà kùn kò dáa. Ọ̀dà ń yọ̀, ìyẹn ọ̀kan. Ìkejì, ọ̀dà ń bo ibi tí igi ti là mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn ìkìlọ̀ yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, torí kò sí ìyálọ́jà tí kò mọ iṣẹ́ tí ọ̀dà ń ṣe lára ohun tó ti gbó.

Bó bá ń gùn, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo. Báàgì rẹ̀, okùn ni wọ́n fi ń fà á gòkè. Nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì tí Ọlọ́run fún un, mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa di àkàbà mú ní gbogbo ìgbà, ẹyọ kan péré ló lè máa rìn. Lókè, ọ̀gá kan láti inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró tì í, kì í ṣe pé kó rán ọmọ iṣẹ́ kan kó sì lọ jẹun. Ohun tó ń léfòó tó sì ní iná gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kí wọ́n lè jù ú sí i bó bá bọ́ sómi lóru. Àwọn àgbà wa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn olókun ti sọ ọ́ di òfin pé àgbà gbọ́dọ̀ wà lọ́jà.

Ohun kan ṣì kù, òun ló tóbi jù lójú tèmi. Bí àkàbà kò bá dáa, atọ́kọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ọkọ̀ yẹn lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpótí ẹrù, gbogbo wákàtí tó fi dúró lójú omi ń jẹ owó, ọ̀gá ọkọ̀ lè máa jágbe. Atọ́kọ̀ á jókòó sínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀, á ní kí wọ́n tún àkàbà náà so. Wọ́n ń kọ́ wọn ní kíkọ̀ yìí bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní gígùn.

Ṣé wọ́n wá ń já bọ́ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀? Wọ́n ń já bọ́. Ní New York nìkan, atọ́kọ̀ méjì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kú nídìí àkàbà láàárín oṣù mẹ́jọ, ọ̀kan ní ìparí December 2019, èkejì ní August 2020. Ẹgbẹ́ àwọn atọ́kọ̀ lágbàáyé máa ń yẹ àkàbà àwọn ọkọ̀ wò lọ́dọọdún, nínú mẹ́wàá ó sì máa ń ju ẹyọ kan lọ tí kò bá òfin mu. Bí àwọn tí wọ́n kọ́ bá ń bọ́, àwa tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, sọ pé àwọn tí ìṣubú ń pa lọ́dún kan lágbàáyé tó 684 000, àti pé nínú márùn-ún wọn, ó ju mẹ́rin lọ tó jẹ́ ará ilẹ̀ tí kò lówó púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé.

Ẹ mọ àkàbà irin tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ èrò, èyí tí àwọn ọmọkùnrin ń gùn gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu sórí òrùlé. Ó yẹ kí irin ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀kan ti ya dànù, wáyà ni wọ́n fi so ọ̀kan, èkejì sì ti tẹ̀. Obìnrin á fẹ́ lọ rí i pé agbada gààrí rẹ̀ ò dànù, á kó ìró sókè, á gùn ún tòun ti sálúbàtà, ọmọ lẹ́yìn, ike epo lọ́wọ́. Awakọ̀ ń fọn fèrè. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí atọ́kọ̀ má ṣe, ìyá yẹn ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tó bá a wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹni tó ń gun ọkọ̀. Ẹ gbé e fún aládùúgbò yín lọ́jà. Ẹ bọ́ sálúbàtà, ẹ so ìró yín kó le, kó má fà wọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́, kí ẹlòmíràn nà án sí yín tẹ́ ẹ bá dókè, tàbí kí wọ́n fi okùn fà á. Fi ọwọ́ mi irin náà kí o tó tẹ̀ ẹ́, kódà kí o ti gùn ún lánàá. Àwọn tó ń gun ọ̀pẹ nílẹ̀ wa náà kì í gbàgbé láti fa igbà wọn wò kí wọ́n tó gbára lé e, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ni igbà ọ̀hún. Èyí tó wá jọ ti òkun jù ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń mì. Ọkọ̀ tí iná rẹ̀ wà ní títàn, tí awakọ̀ jókòó sídìí rẹ̀, ìgbì ni. Ó lè sún síwájú nígbà tí ẹsẹ̀ yín kan ṣì wà nílẹ̀. Ẹ ní kí awakọ̀ pa á, kó sì sọ̀ kalẹ̀ wá dúró níbi tẹ́ ẹ ti ń rí i. Bó bá bú yín, ẹ jẹ́ kó bú yín. Bí àkàbà náà kò bá sì dáa, ẹ kọ̀. Ẹ ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kẹ́rù bá yín wo agbada náà.

Ti igi irúgbá àti máńgòrò ńkọ́? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ ni irúgbá ń gbó, tí gbogbo wa ń wá èso tá a máa fi ṣe irú. Àwọn ọmọ ló sì ń gùn ún, torí ara wọn fúyẹ́. Ẹ̀ka tó ti gbẹ máa ń dà bí èyí tó tutù lójú ọmọ tó ń kánjú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, èèpo igi á máa yọ̀. Bí èèrà tàbí oyin bá ta ọmọ lókè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láá fi gbá a, á sì gbàgbé ibi tó wà. Ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ lẹ́nu sàn ju ọmọ lọ. Bí a bá ní láti gùn ún, kí àgbà kan wà nítòsí tó ń wo òkè, ṣùgbọ́n kó má dúró sí abẹ́ ẹni tó ń gùn gan-an, torí ẹni méjì ló máa fara pa. Ọmọ tó jí pẹ̀lú ibà, ẹ má rán an gun nǹkan kan. Nígbà tí àwẹ̀ bá bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tí kò tíì jẹ tí kò tíì mu látàárọ̀, òòyì lè kọ́ ọ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Kó ṣe iṣẹ́ òkè láàárọ̀, tàbí kó fi í sílẹ̀.

Àkàbà tá a ń fi ti ògiri, ti àwọn tó ń tún òrùlé ṣe, ní ìṣirò kan tó rọrùn. Bí ibi tí orí rẹ̀ fara tì bá ga ní mítà 4, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà 1. Bó bá sún mọ́ ògiri jù, á ṣubú sẹ́yìn. Bó bá jìnnà jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ̀. Kí ẹnì kan di ìdí rẹ̀ mú.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tó mú ká kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ọ̀pọ̀ ẹni tó já bọ́, ilẹ̀ nìkan kọ́ ló ṣe é. Àwa tá a sáré wá gbé e la parí rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣubú, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ká fà á dìde, ká gbé e jókòó, ká da omi sí i lórí, ká fún un lómi mu, ká gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí zémìjàn, orí rẹ̀ á máa fì sọ́tùn-ún sósì. Ìfẹ́ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n okùn kan wà nínú eegun ẹ̀yìn wa, láti ọrùn dé ìdí, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí eegun tó bò ó bá ti fọ́, okùn yẹn lè ṣì wà láìfarapa. Bá a bá wá fa ẹni náà dìde, eegun tó fọ́ á gé e. Ẹni tí ì bá tún rìn, kò ní rìn mọ́ nìyẹn, kì í sì í so padà.

Nítorí náà, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, àfi bí iná, omi tàbí ọkọ̀ bá fẹ́ bá a níbẹ̀. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú jẹ́jẹ́ kó má baà yí. Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ṣé ó ń dáhùn? Ṣé ó ń mí? Ṣé ó lè mi ìka ẹsẹ̀? Ṣé ó mọ̀ ọ́n lára bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án? Bí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ bá ti kú tipiri, tàbí tó ń sọ pé ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, tàbí tí kò mọ ibi tó wà, ẹ kà á sí pé eegun ẹ̀yìn ti fara pa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú rẹ̀, kẹ́ ẹ má sì yọ ọwọ́. Bí eegun bá yọ síta, ẹ má tì í wọlé, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ẹ má fún un ní nǹkan kan jẹ tàbí mu, torí ó lè bì kó sì fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì lè fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ má fi òróró ra ẹ̀yìn rẹ̀.

Bó bá ń bì níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ẹ yí gbogbo ara rẹ̀ pa pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, orí, ọrùn àti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni yí ìtì igi, kó má baà fún un pa. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa yí i bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e. Ẹ wá pákó tàbí ilẹ̀kùn tó tẹ́jú. Èèyàn mẹ́rin sí márùn-ún ni yóò gbé e, kí ẹni tó di orí mú jẹ́ ọ̀gá, òun ni kó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ gbé pákó náà sínú ọkọ̀ tó láyè, kí awakọ̀ sì rọra. Mo mọ ọ̀nà wa, mo mọ bí ọkọ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n tó lóru ní Kambolé. Síbẹ̀, ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, wákàtí kan tá a fi wá ọkọ̀ tó láyè sàn fún un ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí zémìjàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mí dáadáa tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dúró, ẹ má dúró de ọkọ̀ tó dáa jù. Èyíkéyìí tó bá wà, ẹ fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí àwọn yẹn pinnu bóyá kó lọ sí Sokodé.

Ọmọ tó bọ́ lórí igi tó sì dìde tó ń ṣeré, ẹ má tíì yọ̀ jù. Ẹ máa ṣọ́ ọ títí di ọjọ́ kejì. Bó bá bì léraléra, bí oorun bá ń kùn ún lásìkò tí kì í sùn, bí orí fífọ́ bá ń le sí i, bí ojú kan bá tóbi ju èkejì lọ ní dúdú àárín rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde ní etí tàbí imú, bí gìrì bá mú un, ẹ má ṣe sùn mọ́ ọn. Inú tó le tó sì ń dun ọmọ lẹ́yìn ìṣubú náà jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú láìhàn síta. Aboyún tó ṣubú, ì báà jẹ́ díẹ̀, kó lọ rí agbẹ̀bí lọ́jọ́ náà, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá dà, tàbí tí ọmọ inú ò bá mira bó ṣe máa ń mira.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń to eegun ńkọ́? A bọ̀wọ̀ fún wọn, ọ̀pọ̀ yín lẹ́ ẹ ti rí ẹni tó gbádùn lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọrùn, ẹ̀yìn, tàbí ibi tí eegun ti yọ síta. Bí wọ́n bá sì di apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọ, ìyá ni kó máa wo ìka rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bí ìka bá tutù, tó dúdú tàbí tó ṣì funfun, tó wú, tí ọmọ ń ké pé ìrora náà ń pọ̀ sí i, tàbí tí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ìdè ti le jù, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀. Ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ẹni tó dì í. Ọmọ tí wọ́n gé lápá nítorí ìdè tó le, eegun tó dá kọ́ ló gba apá náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ní Tchamba tàbí ní ilé ìwòsàn ńlá Sokodé, ẹ sọ bí ibi tó ti bọ́ ṣe ga tó àti ohun tó bọ́ lé, ilẹ̀ rírọ̀ ni àbí òkúta. Ẹ sọ bóyá ó dákú, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ sọ ìgbà tó jẹun kẹ́yìn. Bí ojú ọgbẹ́ bá wà, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn gírí-ara tí a ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bẹ́ ẹ bá sì ti fún un ní àgbo tàbí oògùn kan kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ sọ ọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá tiẹ̀ máa bínú, ẹ ṣáà sọ ọ́.